Báwo làwọn méjì tí ò gbọ́ èdè ara wọn ṣe jọ ṣe orin kan?

Táwọn olórin wa bá lọ bá ará ilẹ̀ míì ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn á máa bèèrè pé ṣé wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́ ni àbí ẹnì kan kàn ń lùlù lẹ́yìn ẹnì kejì. Orin kan ni màá fi dáhùn, "Manteca", tí Dizzy Gillespie, onijáàsì ará Amẹ́ríkà tó ń fun trumpet, àti Chano Pozo, onílù ará Kúbà, ṣe lọ́dún 1947, torí nínú ẹ̀, èèyàn lè fetí ara ẹ̀ gbọ́ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Ta ló mú wọn mọra, báwo ni wọ́n sì ṣe ń gbọ́ra wọn yé?

Mario Bauzá ni, olórin ọmọ Havana ní Kúbà tó ti ń gbé New York láti 1930, òun àti Dizzy ti jọ wà nínú bẹ́ǹdì Cab Calloway rí. Dizzy ń wá onílù kọ́ńgà, ìyẹn ìlù gíga tí wọ́n ń fọwọ́ lù, Bauzá ní kó wá wo Chano. Chano ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í kọ orin sórí ìwé, ẹnu ló fi ń gbé e kalẹ̀: á kọ́kọ́ fẹnu kọ ti bass, á tún kọ ti saxophone, á kọ ti trombone, káwọn tó kù wá máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti rí àwọn onílù wa tí wọ́n ń fẹnu pe ìlù fọ́mọ kó tó gbé ọ̀pá lé awọ, èyí ò lè ṣàjèjì sí i.

Tóò, èwo ni ti Chano, èwo ni ti Dizzy?

Ìsàlẹ̀ orin yẹn, ti Chano ni. Bass àti kọ́ńgà ló bẹ̀rẹ̀, àwọn fèrè wá ń wọlé lé ara wọn, kálukú ń tún tiẹ̀ pe, orin ò sì kúrò lójú kan. Dizzy sọ lẹ́yìn náà pé tóun bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orin Kúbà pọ́ńbélé ni ì bá jẹ́, ló bá jókòó láti kọ àárín ẹ̀, ibi táwọn onijáàsì máa ń gbé orin jáde nílé kí wọ́n tó dá a padà. Bar 8 ló ní lọ́kàn (bar ni ìpín kéékèèké tí wọ́n fi ń ka orin), àmọ́ nígbà tó dé ibẹ̀ orin ò tíì ríbi padà sílé, ó bá tún fi 8 lé e, ó di 16. Ẹ fetí sí ibẹ̀ dáadáa, ìlù fúnra ẹ̀ máa ń yí padà di jáàsì, tó bá yá ó tún padà sọ́dọ̀ Chano. Gil Fuller ló tò ó sórí ìwé, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ ní 30 December 1947.

Ṣé wọn ò ṣi ara wọn gbọ́ ni?

Wọ́n ṣì í gan-an o! Ibi tí "ení" wà, ìyẹn ibi tí kíka ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀, ni ìjà ẹ̀. Ibi táwọn bẹ́ǹdì ti ń ka ení kọ́ ni Chano ti ń gbọ́ tiẹ̀, torí clave ló ń tẹ̀ lé, ìyẹn ìlù igi méjì tí gbogbo ìlù yòókù ń wò, bí agogo ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Inú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gbé káàkiri ni wọ́n ti yanjú ẹ̀. Chano á gbé ìlù fún Dizzy, á gbé fún Al McKibbon tó ń ta bass, á fún kálukú ní tiẹ̀, wọ́n á máa lù ú títí wọ́n á fi gbọ́ bó ṣe ń wọ inú ara wọn. Wọ́n ti jọ gun orí ìtàgé Carnegie Hall ní September 29 ọdún yẹn o, àmọ́ lójú tèmi, bọ́ọ̀sì yẹn gan-an ni ìjíròrò ti ṣẹlẹ̀.

Ṣé ìlù Yorùbá ni Chano gbé lọ?

Ẹ jẹ́ ká rọra. Ọmọ Abakuá ni, ẹgbẹ́ awo àwọn ọkùnrin ní Kúbà, apá Kàlàbá nìyẹn ti wá, kọ́ńgà sì ní gbòǹgbò ní Kóńgò. Àwọn èèyàn wa, àwọn Lùkùmí, wà ní Havana lóòótọ́, àmọ́ ká má gba ti ẹlòmíì mọ́ tiwa.

Orin ta ni wá?

Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀: Gillespie, Pozo àti Fuller. Inú mi dùn sí i pé orúkọ ẹni tó fẹnu kọ tiẹ̀ wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ onílù ni wọn ò kọ orúkọ wọn sí nǹkan kan. Ó dùn mí pé Chano ò pẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n yìnbọn pa á ní Harlem ní December 1948, ẹni ọdún 33 ni. McKibbon ló gbé ohun tó kọ́ nínú bọ́ọ̀sì yẹn dé inú bẹ́ǹdì George Shearing, onijáàsì tó ń tẹ dùùrù.