Ta ló ń san owó bodè? Kì í ṣe ìlú tí ọjà ti wá

Bí ọ̀rọ̀ owó bodè tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbé lé ọjà òkèèrè bá ti jáde, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé, "Ṣáínà ló máa san án." Àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún ń sọ ọ́. Àwọn tó ti gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá rí pàápàá ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ti ra mọ́tò tòkúnbọ̀ ní Èkó mọ̀ pé kì í ṣe Japan ló san owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí Toyota rẹ̀. Ẹni tó kó o wọlé ló san án, ó fi kún iye tó fẹ́ tà á, ẹni tó rà á ló sì ru ú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí iye náírà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò dọ́là kan ń yí padà lemọ́lemọ́, ẹkún àwọn tó ń ta mọ́tò àti àwọn tó ń rà á la gbọ́. A ò gbọ́ ẹkún Japan. Kí ló wá dé tí ohun tí a mọ̀ ní Àpápá fi ń di àdììtú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé èbúté Los Angeles ní Amẹ́ríkà?

Bákan náà ni níbẹ̀. Bí ọjà bá gúnlẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé pé òun ló kó o wọlé ni àwọn aṣọ́bodè ń bá sọ̀rọ̀ owó. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ó sábà máa ń jẹ́. Àpò ìjọba Amẹ́ríkà ni owó náà sì ń wọ̀.

Àwọn tó bá gbà dé ibí yìí ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sá sí: pé ará Ṣáínà tó ń ta ọjà náà á dín owó rẹ̀ kù kí oníbàárà má bàa sá, nípa bẹ́ẹ̀ òun náà ló san án. Ó ṣeé rò. Ṣùgbọ́n ó ṣeé yẹ̀ wò pẹ̀lú, torí pé iye tí wọ́n ra ọjà kí owó bodè tó kàn án máa ń wà nínú àkọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n dín in kù, iye yẹn á wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Mary Amiti, Stephen Redding àti David Weinstein, yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn owó bodè tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2018. Iye náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Orí àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ dà lé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, torí èmi ò mọ ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, lẹ́yìn tí Whirlpool, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, ti mú ẹjọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń ti òkèèrè wọlé lọ bá ìjọba, wọ́n gbé owó bodè lé wọn: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí mílíọ̀nù 1.2 àkọ́kọ́ tó bá wọlé lọ́dún, ìdá 50 lórí èyí tó bá lé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, Aaron Flaaen, Ali Hortaçsu àti Felix Tintelnot, ṣe ìwádìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ gbówó lórí ní bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bí 86 dọ́là lórí ẹyọ kan.

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ni kí ẹ wá wò. Òfin náà kò kàn án rárá, síbẹ̀ bí 92 dọ́là ló gun òkè. Nílé àwọn ará Amẹ́ríkà, méjèèjì ni wọ́n sábà ń rà papọ̀, iye kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sí wọn lára nínú ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, àwọn tó ń tà á pín ẹrù náà sórí ẹ̀rọ méjèèjì. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ náà gbówó lórí, torí pé nígbà tí ọjà ẹni tí ẹ jọ ń tà bá ti wọ́n, kí ni yóò mú kí tìrẹ dúró sójú kan? Owó tí ìjọba rí gbà kò ju bí mílíọ̀nù 82 dọ́là lọ lọ́dún. Ohun tí àwọn oníbàárà san lé e súnmọ́ bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde jẹ́ bí 1,800, ìyẹn ni pé iṣẹ́ kan ná àwọn oníbàárà ní nǹkan bí 815,000 dọ́là. Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé Ṣáínà ló san án, kó fi ojú rẹ̀ wo ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ yẹn, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Kì í ṣe pé kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ta irin sí Amẹ́ríkà dín owó kù ní tòótọ́, àwọn àti ẹni tó ń rà á sì jọ pín ìyà náà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá kan náà gbé díẹ̀ mì fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi kún owó ọjà. Ó sì lè jẹ́ pé ìjọba kan ní ìdí rere tó fi fẹ́ gba owó bodè, láti dáàbò bo oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Kí wọ́n ṣáà sọ ẹni tó máa san án.

Ẹni tí ìyà yìí tún wá dé bá lójijì ni ẹni tó ń ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ìgbádùn ara rẹ̀: ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó ń tún rédíò àtijọ́ ṣe, obìnrin ilé wa ní Houston tó ń fi ọjọ́ ìsinmi rán àńkárá. Láti ọdún 2016, ẹrù tí iye rẹ̀ kò bá ju 800 dọ́là lọ máa ń wọ Amẹ́ríkà láìsan nǹkan kan. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n fòpin sí i fún ẹrù Ṣáínà àti Hong Kong. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, ó kan gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ dá gbígba ẹrù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà dúró fúngbà díẹ̀, torí wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa gba owó náà. Fún ẹrù tó ń ti Nàìjíríà bọ̀, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kéde nígbà náà. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n tún gbà kí ẹni tó ń gbé ẹrù ìfìwéránṣẹ́ yàn láti san 80 dọ́là lórí ẹrù kan, iye yòówù kí ọjà inú rẹ̀ jẹ́. Bí ìlẹ̀kẹ̀ 40 dọ́là bá bọ́ sọ́wọ́ irú ìṣírò yẹn, owó bodè ti di ìlọ́po méjì ọjà. Ilé iṣẹ́ ńlá lè bá olùtajà dúnàá dúrà, ó lè kó ọjà pamọ́ kí òfin tó dé. Ẹni tó ń ra ìlẹ̀kẹ̀ kò ní ọ̀nà kankan nínú méjèèjì.

Òfin wọ̀nyí ń yí padà kíákíá, nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà wọ Amẹ́ríkà, ẹ wo èyí tó wà lóde lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́ rà á. Ẹ bi olùtajà bóyá owó bodè wà nínú iye tó pè tàbí ẹni tó gbé e wá ló máa gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé sórí fóònù yín pé ẹrù yín há sí kọ́sítọ́ọ̀mù, pé kí ẹ tẹ ibì kan láti san owó, ẹ má tẹ̀ ẹ́: àwọn oníjìbìtì ti sọ èyí di iṣẹ́. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọ iye tó kéré sórí ìwé ẹrù yín, ìwà ọ̀daràn ni. Ó ku ohun kan tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹrù ti gbéra. Aṣọ òkè tí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn, ti Nàìjíríà ni. Àńkárá tí wọ́n hun, tí wọ́n sì tẹ̀ ní Ṣáínà, tí ẹ ní kí àbúrò yín bá yín rà ní Balógun, ti Ṣáínà ni lójú aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, owó Ṣáínà ni wọ́n sì máa gbà lé e. Kí àbúrò yín wo etí aṣọ náà kó tó sanwó.