Ààbò orí ẹ̀rọ fún àwọn ẹgbẹ́ aráàlú ní ìwọ̀-oòrùn Kogí

Ààbò orí ẹ̀rọ fún àwọn ẹgbẹ́ aráàlú ni gbogbo ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba ń gbà dáàbò bo fóònù, kọ̀ǹpútà, àkáǹtì àti àkọsílẹ̀ wọn lọ́wọ́ olè, amí àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀rọ̀ náà kan ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, àwọn tó ń ṣọ́ ìdìbò, àwọn tó ń gba ẹjọ́ obìnrin tí ọkọ ń lù, àwọn tó ń ran ẹni tó ní kòkòrò HIV lọ́wọ́, àti àwọn tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìjínigbé sílẹ̀.

Ilẹ̀ àwọn Okun ni agbègbè náà: Owé, Bùnú, Ìyàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n wà kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ẹgbẹ́ pọ̀ ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ́pà àti Ẹ̀gbẹ̀ tí kò ní ọ́fíìsì kankan. Fóònù akọ̀wé ni ọ́fíìsì. Orí rẹ̀ ni orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà, orí rẹ̀ ni àwòrán ẹ̀rí wà, orí rẹ̀ ni àlàáàtì owó ẹgbẹ́ ń wọlé sí. Òun náà ni àwọn ọmọ akọ̀wé fi ń wo fídíò lálẹ́.

Ohun tí à ń dáàbò bò

Orúkọ ènìyàn ṣáájú owó. Owó tó bá sọnù, ẹgbẹ́ lè dá òmíràn jọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó júwe ibi tí àwọn ajínigbé ń gbà wọ igbó, bí orúkọ rẹ̀ bá jáde, kò sí ohun tí ẹgbẹ́ lè fi gbà á sílẹ̀. Bákan náà ni obìnrin tó wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nílé ọkọ. Ní ìlú tí ilé sí ilé ti mọ ara wọn, kò dìgbà tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ kí a tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ orí, iye ọmọ àti àdúgbò ti tó. Nítorí náà, pípa orúkọ rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ kò tíì fi ẹni náà pa mọ́, àfi bí a bá pa àwọn àmì yòókù rẹ́ pẹ̀lú.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Àgbélébùú Pupa Àgbáyé (ICRC) kéde pé àwọn kan ti wọ inú kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ ènìyàn tó lé ní 515,000 wà, tí ẹni tí ogun àti àjálù yà kúrò lọ́dọ̀ ẹbí sì wà lára wọn. Àlàfo kan nínú ètò kọ̀ǹpútà, tí wọn kò tíì dí, ni àwọn náà gbà wọlé, 70 ọjọ́ sì ti kọjá kí wọ́n tó fura. Àjọ ńlá nìyẹn, tó ní òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ kékeré lè rí fà yọ níbẹ̀ rọrùn ju ríra irinṣẹ́ olówó ńlá lọ: kí wọ́n dín ohun tí wọ́n ń kó pamọ́ kù. Bí ìpàdé bá ti parí tí a sì ti ka iye ènìyàn, ó ṣòro láti sọ ohun tí a tún fẹ́ fi àwòrán káàdì NIN àwọn tó wá ṣe.

Ibi tí wàhálà ti ń wá

Ọ̀nà tí wàhálà ń gbà wá kò jọra. Òfin wà nínú rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ní abala 24, tó kan ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ láti múni bínú tàbí láti purọ́ mọ́ni, tí wọ́n ti lò láti fi gbé àwọn akọ̀ròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2022 pé abala náà kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu, ìjọba sì tún un kọ ní 2024. Òfin CAMA ti ọdún 2020, tó kan ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, fún CAC, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, lágbára, ní abala 839, láti dá àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ti oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí báńkì àpapọ̀ ti àkáǹtì ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ 20 tó jẹ́ mọ́ ìwọ́de náà pa. Twitter náà di títì pa ní Nàìjíríà láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo ló fi ń bá aráyé sọ̀rọ̀ di odi lọ́jọ́ náà.

Ìdìbò ní tirẹ̀ jẹ́ àkókò ewu. Ní ìdìbò gómìnà ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, bí ti ọdún 2019, ẹni tó ń ṣọ́ ìdìbò nílò fóònù láti ya àwòrán ìwé èsì ibùdó ìdìbò (EC8A) kí ó sì fi ránṣẹ́. Àwòrán tí a yà nígbà tí ètò ìtọ́ka ibi wà ní títàn ń gbé ibi àti aago tí a yà á dání. Ẹ̀rí ni ìyẹn fún ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó tún lè tọ́ ẹlòmíràn sí ibi tí ẹni tó yà á dúró sí. Pípa ìtọ́ka ibi nínú kámẹ́rà kí a tó jáde nílé kì í gba ìṣẹ́jú kan.

Ti àìsí ààbò lójú ọ̀nà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, tí ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 200 sì sá lọ. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, gúrúùpù WhatsApp ìlú a máa kún fún ìròyìn ibi tí ọlọ́dẹ wà, ọ̀nà tí èrò ń gbà, ẹni tó rí wọn. Gúrúùpù tó ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn kì í ṣe ibi àṣírí, nítorí kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí gbogbo fóònù tó wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gba WhatsApp lọ́wọ́ ènìyàn

Ọ̀nà àkọ́kọ́ wọ́pọ̀ púpọ̀, ó sì ń ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ gan-an. Gbájúẹ̀ á kọ́kọ́ gba àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ kan. Láti orí rẹ̀ ni yóò ti kọ sí akọ̀wé pé, «Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo ṣèṣì fi nọ́ḿbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á.» Nọ́ḿbà oní-mẹ́fà náà ni kóòdù tí WhatsApp fi ń mọ onífóònù. Bí akọ̀wé bá ti kà á tán, WhatsApp rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn, gbogbo gúrúùpù tó jẹ́ alábòójútó rẹ̀ sì ti bá a lọ. Láàárín wákàtí kan, àwọn màmá ìjọ àti àwọn ará ilé ní Àbújá yóò ti máa fi owó ránṣẹ́ fún «aláìsàn» tí kò sí.

Ọ̀nà kejì ṣòro láti fura sí. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ yóò ní kí o tẹ *21* pẹ̀lú nọ́ḿbà kan àti #. Ohun tí o tẹ̀ yẹn ń darí gbogbo ìpè rẹ sọ́dọ̀ rẹ̀, títí kan ìpè tí WhatsApp fi ń ka kóòdù. Títẹ *#21# á fi hàn bóyá ìpè ẹni ń lọ síbòmíràn, ##002# á sì fagi lé e. Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n so kọ̀ǹpútà tiwọn mọ́ àkáǹtì rẹ nígbà tí fóònù rẹ bá wà lọ́wọ́ wọn fún ìṣẹ́jú kan péré. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gba àkáǹtì kúrò lọ́wọ́ rẹ, ńṣe ni yóò kàn máa kà á lọ. Abẹ́ «Linked devices» nínú WhatsApp ni a ti ń rí i tí a sì ń yọ ọ́.

Ohun tó ń dí ọ̀nà àkọ́kọ́ àti èkejì ni PIN oní-mẹ́fà tí a ń pè ní «Two-step verification», tí onífóònù fúnra rẹ̀ yóò yàn. Bí àkáǹtì bá ti lọ, kí onítọ̀hún tún forúkọ nọ́ḿbà rẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀. Kóòdù tuntun yóò lé olè jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí olè bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, olóhun yóò dúró fún ọjọ́ 7 kí ó tó wọlé. Kí ó fi ìpè sọ fún àwọn ènìyàn, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́.

Àwọn kan gbà pé èdè ni yóò tú gbájúẹ̀ fó, pé ẹni tí kò lè kí ni «Okun o», tí kò sì gbọ́ Owé tàbí Ìyàgbà, kò lè tan ọmọ ilé. Ìrètí yẹn kò tó gbára lé. Àwọn ìfìrànṣẹ́ àtijọ́ ẹni tí wọ́n gba àkáǹtì rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù àwọn èèyàn, abẹ́ wọn ni ọ̀rọ̀ olè sì ń bọ́ sí, ọ̀rọ̀ tó kúrú kì í sì í fi ẹ̀ka èdè hàn. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹgbẹ́ bá fẹnu kò sí lójúkojú, tí a óò béèrè kí owó tó jáde, sàn jù ú lọ.

Nọ́ḿbà àti SIM

Olè tó jí fóònù tó wà ní títì kò ní dààmú láti ṣí i. Yóò yọ SIM, yóò kì í bọ fóònù mìíràn, gbogbo kóòdù tí báńkì àti Google bá fi ránṣẹ́ yóò sì máa já sí i lọ́wọ́. PIN orí SIM ló ń dènà èyí: SIM kò ní ṣiṣẹ́ nínú fóònù mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n tẹ PIN, àṣìtẹ̀ mẹ́ta á sì tì í pa títí a ó fi rí nọ́ḿbà PUK, tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń fúnni láti fi ṣí i. Kí a kọ́kọ́ béèrè PIN tí ilé-iṣẹ́ fóònù fi sí i, kí a má máa méfò.

Nọ́ḿbà tí ẹgbẹ́ pa tì tún jẹ́ ewu. Ìlànà NCC, àjọ tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ fóònù, gbà kí ilé-iṣẹ́ fóònù ti nọ́ḿbà tí kò ṣiṣẹ́ fún 180 ọjọ́ pa. Bí ó bá tún pẹ́ sí i bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Bí àkáǹtì báńkì tàbí ojú ìwé Facebook ẹgbẹ́ bá ṣì so mọ́ ọn, àjèjì ni yóò máa gba kóòdù wọn.

Ó tún ní ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé kóòdù orí àtẹ̀jíṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Citizen Lab, ẹgbẹ́ olùwádìí ti Yunifásítì Toronto, ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣeé ṣe kí ìjọba wọn jẹ́ oníbàárà Circles, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ètò tí a fi lè gbọ́ ìpè, ka àtẹ̀jíṣẹ́ àti mọ ibi tí fóònù wà láìfọwọ́ kan fóònù náà. Ètò ìjẹ́rìísí tó ń ṣe kóòdù lórí fóònù fúnra rẹ̀ sàn, kọ́kọ́rọ́ ààbò tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà sì sàn jùyẹn lọ.

Àrokò

WhatsApp láti oṣù Kẹrin ọdún 2016, àti Signal, ètò ìfìrànṣẹ́ mìíràn bíi tirẹ̀, ń sọ ọ̀rọ̀ di àrokò kí ó tó kúrò lórí fóònù, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ló sì ní ohun tí ó fi lè tú u. Ṣùgbọ́n bí ìgbà àtijọ́ náà ló rí: ẹni tó pàdé ìránṣẹ́ lójú ọ̀nà lè má mọ ìtumọ̀ àrokò ọwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó mọ ilé tó ti jáde àti ilé tó wọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni ètò lè mọ ẹni tó bá ta ni sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí wọ́n sọ ọ́. Signal ló ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kéré jù.

Ẹ̀dà ìpamọ́ WhatsApp lórí Google Drive kì í ṣe àrokò bí olóhun kò bá tan ààbò rẹ̀, èyí tó ti wà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀.

Kafé, ilé ṣájí àti ojú ọ̀nà

Níbi tí iná kò ti dúró, fóònù a máa lọ sí ilé ṣájí, ìwé a sì máa lọ sí kafé fún títẹ̀. Fáìlì tí a gbà láti orí ímeèlì sórí kọ̀ǹpútà kafé kì í bá wa padà wálé. Ó ń dúró nínú «Downloads». Orúkọ àwọn tó wá jẹ́rìí kò yẹ kó lọ síbẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí a jáde kúrò nínú ímeèlì, kí a pa fáìlì rẹ́, kí a sì tú ibi ìdọ̀tí rẹ̀ dà nù. Fóònù tó ń lọ sí ilé ṣájí tàbí sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe, kí ó lọ ní pípa. Fóònù tí a pa pátápátá, tó ní pásíwọ́ọ̀dù gígùn, le láti tú ju èyí tí a kàn ti ojú rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún ẹni tó ń rin ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀. Ní ti òfin, abala 45 òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 sọ pé ọlọ́pàá lè béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí ó tó wá ẹ̀rí inú ẹ̀rọ.

Pásíwọ́ọ̀dù kò yẹ kó jẹ́ oríkì, òwe tàbí ẹsẹ orin, nítorí ẹni tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ ìparí. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan, tí a ṣà láìronú, ló le. Bitwarden àti KeePassXC, ètò tí a fi ń kó pásíwọ́ọ̀dù pamọ́, máa ń tọ́jú ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́.

Òfin àkọsílẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́

Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ènìyàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, kan ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ó sì lè pa ènìyàn lára, ẹgbẹ́ ní 72 wákàtí láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, létí. Access Now, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń jà fún ẹ̀tọ́ orí ayélujára, ní ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ tó ń dáhùn tọ̀sán-tòru. Paradigm Initiative, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 2007, ní àkójọ irinṣẹ́ tí wọ́n sọ ní Ayeta. Ẹni tó bá mọ ohun tí ayẹta ń ṣe fún ọdẹ kò ní béèrè ìdí.

Ìgbìmọ̀ tuntun

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ abúlé ló ń lo àpótí alágádágodo mẹ́ta: kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni ọ̀tọ̀, àpótí fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni kẹrin. Àwọn ìyá tó ń lò ó mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kò tíì dé orí fóònù. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá yí padà, ìwé owó, òǹtẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ yóò tọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fa Gmail lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Akọ̀wé àná ṣì jẹ́ alábòójútó gúrúùpù, nọ́ḿbà ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló so mọ́ ojú ìwé Facebook, bó bá sì kú, ẹgbẹ́ pàdánù ohun gbogbo láìsí olè.

Ètò tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ènìyàn méjì ó kéré tán jẹ́ olùdarí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí SIM ẹgbẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí nọ́ḿbà ìgbàpadà àkáǹtì wà nínú ìwé tí a dì, tó wà lọ́dọ̀ akápò. Lọ́jọ́ ìfàléni-lọ́wọ́, kí a ṣí ojú ibi tí orúkọ àwọn alábòójútó wà, kí a kà wọ́n sókè, kí a yọ ẹni tó ń lọ, kí ẹni tó ń bọ̀ sì yan PIN tirẹ̀ kí ìpàdé tó túká.