Símẹ́ńtì Kì í Gbẹ Kó Tó Le

Ọmọṣẹ́ kan gbé kẹ́ẹ̀gì omi dé ìdí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mọ lánàá, ó fẹ́ wọ́n omi sí i. Ọ̀gá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn: "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre, jẹ́ kí oòrùn mú wọn gbẹ kí wọ́n lè le!" Ọ̀sán gangan ni. Ó dùn mí níbi tí mo dúró sí, torí ọmọ yẹn ló tọ̀nà.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Amọ̀ la fi kọ́lé fún ìgbà pípẹ́. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ ká tó gbé òmíràn lé e, bí òjò bá sì ń rọ̀ sí ògiri tí kò lórùlé, yóò yọ́, yóò wó. Oòrùn lọ̀rẹ́ amọ̀.

Símẹ́ńtì yàtọ̀, inú iléru ló ti wá. Wọ́n á lọ òkúta ẹfun pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á sun ún nínú iná tó gbóná tó 1,450°C, wọ́n á tún lọ̀ ọ́ kúnná. Lẹ́yìn iná yẹn, omi ló ń wá kiri. Bí omi bá kàn án, àwọn méjèèjì á di ohun tuntun tó ń so yanrìn àti òkúta pọ̀. Omi náà kò lọ, ó ti di ara òkúta. Ooru á sì máa jáde: ẹ fọwọ́ kan kọnkéré tó nípọn lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dà á, ó máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ̀rí wà nílé ọ̀pọ̀ wa. Àpò símẹ́ńtì tó wà ní yàrá tó tutù lákòókò òjò, ẹnikẹ́ni ò pò ó, kò rí oòrùn, síbẹ̀ ó di òkúta. Kí ló mú un le, bí kò ṣe omi inú afẹ́fẹ́?

Inú òkun gan-an ni wọ́n ti wá ọgbọ́n yìí kiri. Ní 1756, ẹnjiníà kan, John Smeaton, bẹ̀rẹ̀ ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà lórí àpáta Eddystone, ní gúúsù England, níbi tí ìgbì ń bo àpáta mọ́lẹ̀. Kí ló fẹ́ gbẹ níbẹ̀? Ló bá ń fi omi po oríṣiríṣi òkúta ẹfun sísun, ó ń ṣu wọ́n bíi bọ́ọ̀lù, ó ń jù wọ́n sómi. Èyí tí amọ̀ wà lára òkúta rẹ̀ ló ń le. Ó parí iṣẹ́ ní 1759, ìsàlẹ̀ ilé náà sì ṣì wà lórí àpáta dòní. Ní 1824, Joseph Aspdin, bíríkìlà ará Leeds, gba ìwé àṣẹ fún símẹ́ńtì tó pè ní Portland. Orúkọ yẹn ṣì wà lára àpò tí à ń rà.

Iléeṣẹ́ ńláńlá ló wá sọ ọ́ di ohun gbogbo ayé. Nígbà tí ti Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1960, ohun ìkọ́lé ti yí padà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n èdè amọ̀ la ṣì ń bá a sọ: "Ṣé ó ti gbẹ?"

Òótọ́ ni pé omi àpọ̀jù nígbà pípò ń ba á jẹ́, torí èyí tí símẹ́ńtì ò lò á fi ihò sílẹ̀. Ti ẹ̀yìn tó bá ti dì yàtọ̀. Ẹ fi yanrìn tútù tàbí àpò tó rin bo dẹ́kìn, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ọjọ́ 28 làwọn ẹnjiníà fi ń wọn agbára rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí oòrùn bá fa omi rẹ̀ tán lọ́jọ́ kìíní, iṣẹ́ inú rẹ̀ dúró síbẹ̀. Á funfun, á jọ ohun tó le, ṣùgbọ́n ẹ fi èékánná ha igun rẹ̀, yanrìn á máa dà sílẹ̀.