Ta ló ni ilé ìkẹ́rùsí tí o ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀?

Àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí Daventry, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bi mí níjọ́sí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń díye lé àwọn ilé gàgàrà wọ̀nyí, ta ló ni ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an?" Ó rò pé ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ló ni ín. Rárá o, ayálégbé nìyẹn. Onílé lè wà ní Síńgápọ̀ tàbí New York, ó sì lè má tíì fojú kan ilé náà rí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa díye lé ilé ìkẹ́rùsí fún àwọn tó fẹ́ rà á àti fún báǹkì tó fẹ́ yá wọn lówó. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń ti òkè òkun wọ ètò ìkẹ́rù ní Yúróòpù kì í lé ẹrù tó ń rìn. Ibi tí ẹrù ti gbọ́dọ̀ dúró ló ń lé: ilé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀, èbúté, ọgbà tí wọ́n ti ń pín páálí sínú ọkọ̀ kéékèèké. Ẹni tó ni ìkóríta kò ní láti mọ ohun tó wà nínú igbá ẹni tó ń kọjá.

Ẹ wo Logicor, ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rùsí káàkiri Yúróòpù. Blackstone, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ti Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní 2012, nígbà tí gbèsè gba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù lọ́rùn. Wọ́n ń ra ilé ìkẹ́rùsí kan níbí, méjì lọ́hùn-ún, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ní 2017, wọ́n ta gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún China Investment Corporation, àpò owó tí ìjọba Ṣáínà fi ń dókòwò nílẹ̀ òkèèrè, ní bílíọ̀nù 12.25 yúrò. Ọdún kan ṣáájú, GIC, àpò owó ìjọba Síńgápọ̀, ti ra P3, ilé-iṣẹ́ onílé ìkẹ́rùsí mìíràn tó fi ìlú Prague ṣe ibùjókòó, ní bílíọ̀nù 2.4 yúrò. Iṣẹ́ alájàpá gan-an ni Blackstone ṣe: ó ra iṣu mẹ́wàá mẹ́wàá láti oko dé oko, ó kó o jọ di ẹrù ọkọ̀, ó wá tà á fún ẹni tí kò ráyè wọ oko. Àpò owó ìjọba ńláńlá kò lè máa yan ilé kọ̀ọ̀kan rà.

Kí ló ń gbé iye ilé wọ̀nyí lọ sókè sódò? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní ilé kan ń mú owó ilé mílíọ̀nù 4 yúrò wá lọ́dún. Bí olùrà bá gbà kí owó òun máa mú ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé, mílíọ̀nù 100 ni yóò san. Bí ó bá ní àfi ìdá 5, mílíọ̀nù 80 ni yóò san. Ayálégbé kò kó jáde, òrùlé kò jò, owó ilé kò dín ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ mílíọ̀nù 20 ti fò lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti oṣù Keje 2022 sí oṣù Kẹsàn-án 2023, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni Báǹkì Àgbà Yúróòpù fi owó èlé kún. Èlé tó ń san lórí owó tí àwọn báǹkì fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ láti ìsàlẹ̀ òdo dé ìdá 4. Ẹni tí owó rẹ̀ lè mú ìdá 4 wá láìṣe wàhálà, kí ni yóò fi ra ilé tó ń mú ìdá 4 wá pẹ̀lú wàhálà? Olùtà di iye àná mú, olùrà di iye òní mú, ọjà dá páropáro. Láti oṣù Kẹfà 2024 ni èlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ìdá 2 ní oṣù Kẹfà 2025, ìdúnàádúrà sì ti padà bẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí sí mi dáadáa. Bí ẹ bá kà á nínú ìròyìn pé "ìdókòwò nínú ilé ìkẹ́rùsí Yúróòpù já wálẹ̀", iye ilé tó ti ọwọ́ onílé kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn ni wọ́n sábà máa ń kà. Wọn kì í ka ẹrù, wọn kì í ka òṣìṣẹ́. Ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ta ilé lè jẹ́ ọdún tí ilé kún fọ́fọ́. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ já láyà lásán, ó sì máa ń dùn mí.

Àbúrò mi tún lanu nígbà tí mo sọ fún un pé owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ lè wà nínú irú ilé yẹn. Àwọn àpò ìfẹ̀yìntì fẹ́ràn ilé ìkẹ́rùsí nítorí àdéhùn rẹ̀ máa ń gùn, àti nítorí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wọ́n ti so owó ilé mọ́ bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń tún un gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ èbúté yàtọ̀, nítorí ìjọba kì í dákẹ́ lórí rẹ̀. Ní 2016, nígbà tí gbèsè ti ká Gíríìsì mọ́, COSCO, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìjọba Ṣáínà, ra ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún àjọ tó ni èbúté Piraeus ní mílíọ̀nù 280.5 yúrò. Ní 2021, ó di ìdá 67. Kọ̀ǹténà tó ń gba ibẹ̀ kọjá, tí kò tó mílíọ̀nù kan lọ́dún nígbà tí COSCO kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé ní 2009, ti ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ ní 2019. Àmọ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ yìí kan náà fẹ́ gba ìdá 35 nínú ibùdó kọ̀ǹténà Tollerort ní èbúté Hamburg, ìjọba Jámánì ní kò gbọdọ̀ dé ìdá 25, nítorí ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ lè fi ìbò rẹ̀ dènà ìpinnu ńlá. Ìdá 24.9 ni wọ́n fún un. Lójú tèmi, Jámánì ṣe é bó ṣe yẹ: ó gba owó, ó sì di kọ́kọ́rọ́ mú.

Àwọn ará Yúróòpù náà ń ra ara wọn. DSV, ilé-iṣẹ́ ìkẹ́rù ti Dẹ́nmákì, ra akẹgbẹ́ rẹ̀ DB Schenker lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rélùwéè ìjọba Jámánì ní bílíọ̀nù 14.3 yúrò, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025. MSC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó wà ní Geneva, ra ẹ̀ka ìkẹ́rù ní Áfíríkà lọ́wọ́ Bolloré, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Faransé, ní òpin 2022. Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, torí iṣẹ́ Bolloré ní èbúté Lomé àti Cotonou wà nínú ohun tó rà.

Níbo wá ni owó ń wò báyìí? Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùrà máa ń bi mí ni bí ilé ṣe jìnnà sí òpópónà tó. Lónìí, iná mànàmáná ló ń kọ́kọ́ béèrè. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo bátìrì, ẹ̀rọ tó ń to ẹrù fúnra rẹ̀, yàrá tútù fún oúnjẹ àti oògùn, gbogbo wọn ló ń jẹ iná. Ará ilé lè rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ iná ń yọ lẹ́nu. Ní Nẹ́dálándì, tó ní Rotterdam, èbúté tó tóbi jù ní Yúróòpù, okùn iná ti kún débi pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tò sórí ìlà fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó lè so ilé tuntun mọ́ ọn. Ilé méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n dọ́gba ní gígùn àti ní gíga, kí ọ̀kan ní ìwé àṣẹ iná tó tó ọkọ̀ ogún, kí ìkejì má ní in. Bí mo bá ń díye lé wọn báyìí, ìwé iná yẹn ni mo máa ń ṣí kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn.