Gbólóhùn “dọ́gbadọ́gba ni a dá gbogbo èèyàn” kò sí nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, John Boehner, olórí àwọn Republican nílé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà nígbà náà, mú ìwé òfin ilẹ̀ wọn dání níwájú èrò. Ó ní òun fẹ́ sọ ohun tí àwọn baba ńlá àwọn kọ síbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: pé dọ́gbadọ́gba ni a dá gbogbo èèyàn. Inú ìwé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Òun nìkan kọ́ ló ń ṣi í. Inú Ìkéde Òmìnira ti July 4, 1776 ni gbólóhùn yẹn wà. Thomas Jefferson, tóun náà ní ẹrú rẹpẹtẹ, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkéde náà kì í ṣe òfin. Àwọn ará Amẹ́ríkà to ẹ̀ṣẹ̀ Ọba George Kẹta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹẹsẹ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò sìn ín mọ́. Ọdún 1787 ni wọ́n tó kọ ìwé òfin, Paris sì ni Jefferson wà nígbà yẹn.

Ka ìwé 1787 yẹn tán, o ò ní rí i pé èèyàn dọ́gba. Ìbò àwọn ìpínlẹ̀ ní Sénétì ló dọ́gba níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ka orí láti pín àga ilé aṣojú-ṣòfin, ẹrú márùn-ún ni èèyàn mẹ́ta. Ẹrú tó bá sá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, kí wọ́n dá a padà fún olówó rẹ̀. Kíkó ẹrú wọ̀lú, ilé aṣòfin ò gbọdọ̀ fòfin dè é títí di 1808. Síbẹ̀ wọn ò dárúkọ ẹrú rárá. “Àwọn èèyàn yòókù” ni wọ́n kọ, bí ìgbà tá a bá ń pe ejò ní okùn lóru.

Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun abẹ́lé wọn, mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Ní Gettysburg lọ́dún 1863, ó ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Yọ 87 kúrò nínú 1863: 1776 lo máa bá, kì í ṣe 1787. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé ti parí, ní 1868, ni àtúnṣe kẹrìnlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi dídọ́gba èèyàn níwájú òfin sínú ìwé òfin.

Gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n pàtẹ ìwé méjèèjì sí ní Washington, bóyá ìyẹn wà lára ohun tó ń dà á rú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Àwọn èèyàn wa tó ti ṣe ìdánwò àtidi ọmọ ìlú níbẹ̀ ṣáájú ọdún 2025 á rántí ìbéèrè kan: dárúkọ ẹ̀tọ́ méjì tó wà nínú Ìkéde Òmìnira. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í jókòó ṣe ìdánwò yẹn.