Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Gbó, Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Fi Pààrọ̀ Ọkọ̀ Eré?

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi kí n bá a pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọkọ̀ náà kò ju ọmọ ọdún méjì lọ, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń rùn bíi tuntun. Bí mo ṣe ń fa ọ́ìlì àtijọ́ sílẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gbé e padà fún àwọn tó ń ta ọkọ̀, kí n fowó lé e, kí n fi gba èyí tó ń sáré dáadáa. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu?"

Mo bi í ní ohun mẹ́ta. Èló ló ṣì ń jẹ lórí èyí tó wà nílẹ̀? Èló ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ló sì ń wá gan-an lára ọkọ̀ eré? Ó mọ ti àkọ́kọ́ lórí. Kò tíì béèrè ti èkejì. Ti ẹ̀kẹta ló mú un dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó. Ọkọ̀ tuntun, bí wọ́n bá ti gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti rà á, iye rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ nìyẹn. Ọdún àkọ́kọ́ ló burú jù: ìdá kan nínú márùn-ún owó tí wọ́n fi rà á sábà máa ń lọ láàárín oṣù 12, ti òmíràn tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, á wá máa rọra wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti lo ọkọ̀ rẹ̀ fún ọdún méjì ti ru ibi tó wúwo jù nínú ẹrù náà. Ìgbà tó yẹ kó máa gbádùn ọkọ̀ náà ló fẹ́ gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó tún wá lọ ki orí bọ abẹ́ ẹrù tuntun.

Ká ní 100 lẹ ra ọkọ̀ yín. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni tó fẹ́ fi í rìn fúnra rẹ̀ lè san 70. Oníṣòwò ọkọ̀ kò ní san 70, kì í sì í ṣe pé ó burú: ó máa fọ̀ ọ́, ó máa tún un ṣe, ó máa gbé e kalẹ̀ títí oníbàárà á fi dé, ó sì gbọ́dọ̀ jèrè. Ó lè dá 60 lé e. Bí gbèsè tó kù lọ́rùn yín bá jẹ́ 68, a jẹ́ pé 8 ti wọlé gbèsè kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ èkejì. Wọ́n á ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé àwọn á pa 8 náà pọ̀ mọ́ ẹ̀yáwó tuntun. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ ó máa san èlé lórí ọkọ̀ tí kò sí lọ́gbà yín mọ́. Ní tèmi, níbi tọ́rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹ dúró. Ẹ máa san gbèsè náà títí yóò fi kéré sí iye ọkọ̀, ká tó tún jókòó sọ ọ́.

Ẹ tún kíyè sí i: wọ́n lè fún yín lówó tó jọjú lórí ọkọ̀ àtijọ́, kí wọ́n fi í bọ abẹ́ owó ọkọ̀ tuntun, tàbí kí wọ́n na ìgbà ìsanwó gùn kí ti oṣooṣù lè dà bíi pé ó kéré. Àròpọ̀ gbogbo ohun tí yóò jáde lápò yín títí gbèsè á fi tán ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ fún yín.

Ká bọ́ sídìí táyà, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ eré ti máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ẹ wo ara táyà ọkọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ lè rí 195/65R15. 195 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ ọ̀hún, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 127. Ti ọkọ̀ eré lè jẹ́ 225/40R18. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: mìlímítà 90 péré. Rọ́bà yẹn ló wà láàárín ríìmù yín àti kòtò. Rọ́bà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè gbọ́ràn lórí kọ́nà, òun náà ló sì ń jẹ́ kí n rí ríìmù tó ti tẹ̀ tàbí tó ti sán. Rọ́bà táyà eré tún rọ̀ kó lè di títì mú, nítorí náà ó máa ń tètè jẹ. Àwọn kan wà tí táyà ẹ̀yìn wọn fẹ̀ ju tiwájú lọ. Ẹ ò lè gbé tẹ̀yìn síwájú kí wọ́n lè jẹ dọ́gba.

Ti epo náà ń bẹ. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ní turbo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀, máa ń fẹ́ bẹntiróòlù tí octane rẹ̀ ga, ìyẹn èyí tí kì í ṣàdédé gbiná kó tó tó àkókò. Bí ẹ bá da èyí tí kò tó sí i, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fa iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kan gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, agbára tí ẹ tìtorí rẹ̀ ra ọkọ̀ á sì dín kù. Ní ti ìdójútòfò, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Mo padà sórí ìbéèrè kẹta. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn máa sọ̀rọ̀, ó ní ọkọ̀ òun máa ń fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ lórí kọ́nà, pé kò gbọ́ sítíárìn bó ṣe yẹ. Mo mú gẹ́ẹ̀jì tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Táyà iwájú lápá òsì ka 24, tọ̀tún ka 33. Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo fi ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ hàn án: 33 ni wọ́n kọ fún méjèèjì. A fún un ní afẹ́fẹ́, a jọ gbé e jáde. Ó rẹ́rìn-ín lórí kọ́nà àkọ́kọ́.

Mi ò sọ pé afẹ́fẹ́ táyà ló pa ìfẹ́ ọkọ̀ eré lọ́kàn rẹ̀. Ìfẹ́ náà dára, èmi náà ní in. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní eré kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì nìkan. Ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 150 tó sì wọn kílò 1,000 bá èyí tó ní 225 tó wọn kílò 1,500 dọ́gba lórí ìwọ̀n agbára sí kílò. Fífúyẹ́ ni àkọ́kọ́ fi ń ṣe tiẹ̀, kì í sì í jẹ táyà àti bíréèkì bíi tèkejì. Mazda MX-5, ọkọ̀ eré kékeré kan tó jáde lọ́dún 1989, kò tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.6 lọ, síbẹ̀ àwọn tó wà á kò gbàgbé rẹ̀. Ká tó tẹ̀ síwájú lórí èyí, ẹ rántí pé ìjókòó méjì péré ló ní. Ẹni tó ní ọmọ kò lè fojú fo ìyẹn.

Nígbà wo ló wá bọ́gbọ́n mu? Bí gbèsè kò bá ju iye ọkọ̀ lọ, tí ẹ bá lè ta ti ọwọ́ yín fúnra yín dípò kí ẹ gbé e fún oníṣòwò, tí ẹ sì lọ ra ọkọ̀ eré tó ti lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, mo máa ní kí ẹ lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ti bá yín ru ẹrù ọdún àkọ́kọ́. Àmọ́ ọkọ̀ eré àlòkù ń fẹ́ ojú tó mú. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ inú táyà, níbi tí ojú kì í dé: bí inú bá jẹ ju ìta lọ, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀, tàbí kó ti fara gbá. Ẹ ní kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ṣàyẹ̀wò kọ̀ǹpútà rẹ̀ bóyá wọ́n ti yí i kí agbára lè pọ̀ ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Ẹ béèrè ìwé ìtọ́jú ọ́ìlì rẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má tanná sí i, kí ẹ lè fúnra yín gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún nígbà tó ṣì tutù. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹ padà sílé, kí ẹ wá lọ́jọ́ míì.