Ọnọ́rébù wo gan-an? Iṣẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀, láti ọjà Olúwo dé Aláùsá

Ní ọjà ẹja Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, Ìyá tí mo máa ń ra èpìyà lọ́wọ́ wọn nawọ́ sí gọ́tà tó dí lẹ́yìn ìsọ̀ wọn. "Ọmọ mi, àwa la dìbò fún Ọnọ́rébù, wọn ò sì yà wá wò." Mo ní, "Ọnọ́rébù wo, Mà?"

Ẹni mẹ́ta là ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kánsẹ́lọ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù kan ló ń ṣojú fún. Aṣojú-ṣòfin wà ní Àbújá, ẹnì kan péré ló ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ. Aṣòfin ìpínlẹ̀ ló wà láàárín, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó wà ní Aláùsá, Ìkẹjà. Ogójì (40) ni wọ́n, ẹni méjì láti ọ̀kọ̀ọ̀kan ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ìwé òfin 1999 dá mọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ Ẹ̀pẹ́ Kìíní àti Ẹ̀pẹ́ Kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìkòròdú àti Badagry.

Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25 (ọdún 30 ni kí wọ́n tó yí i padà ní 2018), kó kàwé dé ìwé mẹ́wàá tàbí èyí tó bá a dọ́gba, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà á kalẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni sáà kan. Gómìnà kò lè ju sáà méjì lọ. Aṣòfin lè máa padà níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń dìbò yàn án. Kò sì di dandan kéèyàn ṣojú ìlú tirẹ̀: Adéyẹmí Ikúforíjì, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ Abẹnugan láti 2005 sí 2015, Ìkẹjà ló ṣojú fún.

Ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ di òfin là ń pè ní àbádòfin. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbìmọ̀ kékeré kan á yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó lọ bá gómìnà. Bí ọjọ́ 30 bá kọjá tí kò buwọ́ lù ú, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé, ìyẹn ẹni 27, sì tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé òfin gbà wọ́n láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ wọn kún un, ilé Èkó sì ti ń fi Yorùbá jókòó láwọn ọjọ́ kan. Ó wù mí kí Ègùn Badagry náà rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ibi tí agbára wọn ti kàn wá jù ni owó. Ètò ìṣúná tí gómìnà bá gbé wá, àwọn ni wọ́n á tú u wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn ló lè pe kọmíṣánnà, kí wọ́n bi í ohun tó fi owó èṣí ṣe. Ọ̀nà ìjọba ìpínlẹ̀, ilé ìwòsàn rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni aṣòfin ti ń jà fún wọn. Kò sí òfin tó ní kó pín ìrẹsì tàbí kó ra ọ̀kadà fún ẹnikẹ́ni. Aṣòfin tó bá sùn lọ́jọ́ ìṣúná, ìrẹsì Iléyá kò lè dí ohun tó pàdánù fún wa.

Gọ́tà ọjà ńkọ́? Ìwé òfin kan náà to ọjà, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ọwọ́ àwa olùdìbò náà kò ṣófo. Ọjọ́ 181 ó kéré tán ló yẹ kí ilé jókòó lọ́dún. Ẹni tí kò bá yọjú fún ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ tí ilé jókòó lọ́dún, láìní àwíjàre gidi, ó pàdánù ìjókòó rẹ̀. Bí àwọn tó ju ìdajì olùdìbò ẹkùn rẹ̀ bá sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fọkàn tán an mọ́, INEC á ṣètò ìdìbò láàárín ọjọ́ 90, láti mọ̀ bóyá kó padà wálé.

Ìyá gbọ́ ọ tán, wọ́n di èpìyà mi sínú ọ̀rá. "Ta wá ni kánsẹ́lọ̀ wa?" Obìnrin tó ń ta edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dárúkọ rẹ̀, ó ní òun mọ ilé rẹ̀.